Ọ̀fun tó dí: bí wọ́n bá là á, kí ni kò ní jẹ́ kí omi kíkan gòkè?

Ìbéèrè: Oúnjẹ kì í gba ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi mọ́, omi pàápàá ń há a láyà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tó lè fà á pọ̀, jẹjẹrẹ sì wà lára wọn, nítorí náà ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù. Èyí tí ó máa ń rú èèyàn lójú jù ni achalasia. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ní iṣan kan tó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn àpòlúkù. Tí a bá gbé òkèlè mì, ó yẹ kó ṣí. Nínú àìsàn yìí, àwọn okùn ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún un ti kú, kì í dẹ̀ mọ́, ọ̀nà ọ̀fun náà ò sì lágbára láti ti oúnjẹ lọ. Òkèlè ẹ̀bà kan, ife omi kan. Tí onítọ̀hún bá sùn, oúnjẹ alẹ́ á dà padà sórí ìrọ̀rí, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti lo oògùn ọ́sà títí, àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń ṣe sí i?

Ìdáhùn: Wọ́n á gé iṣan yẹn. Ernst Heller ló kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1913. Lóde òní, ihò kékeré bíi márùn-ún ni wọ́n ń lu sí ikùn, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé. Wọ́n á la iṣan náà tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lára ọ̀nà ọ̀fun, àti méjì sí mẹ́ta wọ àpòlúkù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú kò gbọdọ̀ lu.

Ìbéèrè: Ṣé omi kíkan inú ò wá ní máa ru sókè?

Ìdáhùn: Á ru, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2004, fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n kàn gé iṣan fún ló ní i. Àwọn tí wọ́n ṣe Dor mọ́ ọn fún ò tó ìdá 10 nínú 100. Dor ni pé kí wọ́n ṣẹ́ òkè àpòlúkù síwájú, kí wọ́n fi bo ojú ibi tí wọ́n gé, kí wọ́n sì rán an mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kúkú wé àpòlúkù náà yí ọ̀nà ọ̀fun po?

Ìdáhùn: Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí omi kíkan nìkan ń dà láàmú, torí ọ̀fun tiẹ̀ ṣì ń ti oúnjẹ. Ti aláìsàn wa yìí ò lè tì í. Ìwúwo oúnjẹ ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ wé e yípo, ẹ ti tún ilẹ̀kùn tì nìyẹn.

Ìbéèrè: POEM tí wọ́n ń gba ẹnu ṣe ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn ni kí wọ́n ki kámẹ́rà gba ẹnu wọlé, kí wọ́n sì gé iṣan náà láti inú ọ̀nà ọ̀fun. Haruhiro Inoue ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Japan lọ́dún 2008. Kò sí àpá lára rárá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi í wé ti Heller pẹ̀lú Dor: lẹ́yìn ọdún méjì, méjèèjì ṣiṣẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n omi kíkan ti jó ọ̀fun ìdá 44 nínú 100 àwọn tó ṣe POEM, ìdá 29 ní apá kejì. Fún ọ̀dọ́, Dor wù mí jù. Àmọ́ níbi tí iṣan ti ń sún kì gan-an lọ sókè, POEM lè gé e gùn lọ sókè ju ti Heller lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe, ẹ padà lọ kí wọ́n ki kámẹ́rà wo ọ̀fun bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ wá, kódà bí àyà kò bá ta yín, torí omi kíkan máa ń jó ọ̀fun àwọn kan láì dùn wọ́n.