Ìbọn Ferguson: Ta Ni Bàbá Rẹ̀ Gan-an?

Àwọn tó ń pìtàn ìbọn Ferguson, ìbọn tí wọ́n ń fi síkúrù ṣí ìdí rẹ̀ láti kì í, a máa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1776, bí ẹni pé ojú oorun ni Patrick Ferguson, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ Scotland, ti rí i. Irọ́ funfun báláú! Isaac de la Chaumette, ọmọ Faransé, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1704. Huguenot ni, ìyẹn Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹlẹ́sìn wọn rí, ló bá kó ọgbọ́n rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lé e lórí níbẹ̀ ní 1721. Èmi fura pé àárín àwọn Huguenot tó ń ṣe aago ni ọgbọ́n náà ti là. Ta tún ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí síkúrù gígé?

Ẹni tó bá ti rí ọdẹ tó ń kì ṣakabùlà mọ ìyà ibẹ̀: ẹnu ìbọn ni ẹ̀tù ń gbà wọlé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń gún un mọ́lẹ̀, ìdúró sì ni. Ti Ferguson, ìdí ni wọ́n ti ń kì í. Irin tó yí ibi tí ìka ń fà ká ni ọwọ́ síkúrù. Yí i lẹ́ẹ̀kan, síkúrù á sọ̀kalẹ̀, ihò á là lókè; ọta á wọlé, ẹ̀tù á tẹ̀lé e; yí i padà, ó parí. Ferguson gé ojú síkúrù náà kí èérí ẹ̀tù má baà mú un há. Kò burú, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ alára, ti oṣù Kejìlá 1776, àtúnṣe ló pe iṣẹ́ náà.

Ní Woolwich, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀n, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, nínú òjò àti ìjì, Ferguson yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó da omi sínú rẹ̀, kò pẹ́ tó tún ń dún. Wọ́n ní kí wọ́n rọ 100 ní Birmingham. Galton wà lára àwọn tó rọ ọ́, ìdílé kan náà tó ń ta ìbọn fún àwọn tó ń fi í ra ẹrú ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni ti ìjà Brandywine, oṣù Kẹsàn-án 1777, nínú ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n ní George Washington, olórí ogun Amẹ́ríkà, bọ́ sí Ferguson lójú ìbọn, Ferguson sì dá a sí. Nínú lẹ́tà Ferguson, ọ̀gá sójà kan ló rí, kò sì wù ú láti yin ẹni tó kẹ̀yìn sí i. Dókítà kan ló sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé Washington ni. Ẹ̀rí ibùsùn aláìsàn rèé! Ọjọ́ náà ni ọta fọ́ ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀, wọ́n tú ẹgbẹ́ sójà rẹ̀ ká, wọ́n sì kó àwọn ìbọn náà pamọ́. Wọ́n pa á nínú ìjà Kings Mountain, nínú ogun kan náà, ní 1780, níbi tí ìbọn ẹlẹ́nu kíkì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹni tó bá ń sọ pé ìbọn yìí ìbá gba Amẹ́ríkà padà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, kó wo ọ̀kan tó ṣẹ́kù ní Morristown, New Jersey: irin ni wọ́n fi lẹ ibi tí igi rẹ̀ ti là.