Bí A Ṣe Ń Díye Lé Èèpo Ìwé Orin Àtijọ́

Míṣọ́n Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ẹnìkan níbẹ̀ bá ṣí àpótí bàbá àgbà rẹ̀ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì bá ìwé orin Amẹ́ríkà aláwòrán níbẹ̀, ìyẹn bébà orin kan ṣoṣo tí a fi nọ́ọ̀tì kọ, tó ní èèpo aláwòrán, kì í ṣe ìwé orin ìsìn. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ìwé náà ti gbó, owó ńlá ni yóò sì mú wá. Àṣìṣe gbáà ni èyí. Kí rédíò tó gbilẹ̀, àwọn orin kan wà tí ẹ̀dà wọn tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà, irú wọn kò sì tíì wọ́n títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ ra igbá fínfín ní Ọ̀yọ́ kì í béèrè ọdún tí wọ́n ká igbá náà lórí ìtàkùn. Ọwọ́ tó fín in ni yóò wò: bóyá ọ̀bẹ lọ geere, bóyá ìlà pàdé ìlà láìyẹ̀, bóyá igbá ti sán tí wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Ọwọ́ tó tẹ èèpo ìwé orin náà ni à ń wá.

Alois Senefelder ní Jámánì ló gbé títẹ̀wé lórí òkúta kalẹ̀ ní nǹkan bí 1796. Ayàwòrán á fi ohun ìkọ̀wé ọlọ́ràá ya àwòrán sórí òkúta ẹfun tó tẹ́jú, wọ́n á fi omi rin òkúta náà, wọ́n á wá yí ọ̀dà ìtẹ̀wé lé e lórí; nítorí pé omi àti epo kì í pò, ibi tí àwòrán wà nìkan ni ọ̀dà yóò mú. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀, nítorí náà bébà tó gba àwọ̀ márùn-ún ní láti kọjá lórí òkúta márùn-ún, bí ó bá sì yẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọ̀ ètè á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn akójọ fi ń wá èèpo aláwọ̀ púpọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé A. Hoen ní Richmond, Virginia, tẹ̀ fún E. T. Paull, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, iṣẹ́ orí òkúta máa ń rí bí iyanrìn tó fọ́n ká láìlétò. Bí àmì tóótòòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ bá bo gbogbo àwòrán náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀dà òde òní. Síbẹ̀, kí a má ṣe kánjú dájọ́, nítorí fọ́tò olórin tó wà ní igun èèpo máa ń ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ojúlówó pàápàá.

Rúlà ló kàn. Títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé orin Amẹ́ríkà sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 10½, ó sì máa ń gùn tó 13½; lẹ́yìn náà ó dín kù sí 9 àti 12. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá fi àlùmọ́gàjí gé etí ti àtijọ́ kí ó lè wọ inú àpótí ìjókòó dùùrù, èyí tí wọ́n bá sì gé bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gidigidi bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dán tó.

Ètò ìdíyelé yìí kù díẹ̀ káàtó níbì kan: iwájú ìwé nìkan ló ń sanwó fún. Bí olórí akọrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti fi pẹ́ńsùlù kọ d, r, m sórí nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ kí àwọn akọrin rẹ̀ lè kọ ọ́, ìdọ̀tí ni àwọn adíyelé ń ka ìkọ̀wé náà sí, wọ́n á sì tìtorí rẹ̀ yọ owó kúrò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ẹ̀rí pé orin inú ìwé náà ti dún rí ní ìlú yìí.