Bí kátálíìsìtì kì í bá tán, báwo ló ṣe ń yí ohun tó máa jáde padà?

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé kátálíìsìtì kàn ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára ni, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Mo tún gbọ́ pé bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ohun mìíràn ni èròjà kan náà máa dà. Èwo ló jóòótọ́?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni. Ohun tó ń rú wa lójú ni pé a rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni èròjà lè gbà yí padà. Ọ̀nà máa ń pọ̀, gbogbo wọn ló sì ní òkè tí wọ́n gbọ́dọ̀ gùn: agbára tí a nílò láti tú àwọn átọ́ọ̀mù tó so mọ́ra. Kátálíìsìtì máa ń la ọ̀nà mìíràn tí òkè rẹ̀ kò ga. Mólékù á bà lé ojú rẹ̀, ìdè rẹ̀ á dẹ̀, á so tuntun, á sì kúrò níbẹ̀ kí òmíràn lè bà lé e.

Wo ethanol, ìyẹn ọtí tó wà nínú ọtí mímu. Mú kí ó gbóná di afẹ́fẹ́, kí ó gba orí alumina (àdàpọ̀ aluminium àti ọ́síjìn) kọjá ní nǹkan bí 350°C: omi á yọ kúrò lára rẹ̀, á di ethene. Bó bá jẹ́ orí bàbà ló gbà ní nǹkan bí 300°C, háídrójìn ló máa yọ, á sì di ethanal. Ethanol kan náà mà ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni carbon monoxide àti háídrójìn: lórí níkẹ́lì, methane, lórí bàbà pẹ̀lú zinc oxide, methanol. Ọ̀nà tó yá jù ló ń kó èròjà lọ kí àwọn yòókù tó gbéra. Nítorí náà, ìyára yẹn gan-an ló ń yan ohun tó máa jáde.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè mú kí ohun tí kò ṣeé ṣe ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Rárá. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ammonia láti ara náítrójìn àti háídrójìn ń mú àlọ yá (kí àwọn méjèèjì di ammonia), ó ń mú àbọ̀ náà yá (kí ammonia tún padà di wọn). Ẹni tó bá fẹ́ kí ammonia pọ̀ sí i ju ibi tí àlọ àti àbọ̀ ti dọ́gba lọ, ìgbóná tàbí ìfúnpá ni kó yí padà.

Ìbéèrè: Ṣé kì í bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ń bàjẹ́ dáadáa. Bí epo bẹntiróòlù bá ní òjé, òjé yẹn á lẹ̀ mọ́ ojú platinum inú ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀, èéfín kò sì ní ríbi bà lé mọ́.