Dídín pápá iná òun òòfà kù nínú yàrá ibùsùn

Pápá iná òun òòfà ni agbára àìfojúrí tó máa ń yí wáyà, ṣájà, fóònù àti gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ká. Dídín in kù nínú yàrá ibùsùn jẹ́ iṣẹ́ onílé lápá kan, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná lápá kejì. Ibùsùn ni wọ́n sábà máa ń mú ní kókó nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóru. Kò tíì sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ilé ń fa àìsàn; síbẹ̀, ìbéèrè kan nípa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1979, kò sì tíì tán.

Oríṣi pápá

Pápá iná máa ń wà níbi tí iná bá ti dé, ì báà jẹ́ pé wọ́n tan ẹ̀rọ tàbí wọ́n pa á. Ògiri àti irin tó kan ilẹ̀ máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Pápá òòfà kì í yọjú àfi tí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, ògiri kò sì lè dá a dúró. Ìgbà 50 ni méjèèjì ń pààrà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà 60 ni ní Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì àti Kúbà. Ẹ̀kẹta ni ìgbì rédíò tó ń ti ara fóònù àti Wi-Fi jáde, tí tirẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà mílíọ̀nù. Máíkírótẹ́sílà, tí wọ́n ń kọ ní µT, ni wọ́n fi ń wọn pápá òòfà.

Ìjìnnà

Nínú àwọn òṣùwọ̀n ilẹ̀ Jámánì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde, rédíò kékeré ní 16 sí 56 µT bí a bá wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1 µT. Ní mítà kan, kò tó 0.01 µT mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lè tó 2,000 µT ní sẹ̀ǹtímítà 3, àmọ́ ní mítà kan kì í ju 0.03 µT lọ. Firíìjì, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó, kò kọjá 1.7 µT ní sẹ̀ǹtímítà 3. Títóbi ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ bí pápá rẹ̀ ṣe máa le tó.

Ìdí ni pé pápá tó ń ti ara wáyà kíká jáde, irú èyí tó wà nínú tiransifọ́mà àti mọ́tò, máa ń já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ nígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, gbígbé rédíò, aago oníná tàbí ṣájà kúrò ní ìgbèrí lọ sí orí tábìlì tó wà ní mítà kan sí bẹ́ẹ̀dì ti tó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, sìtébíláísà àti ìńfátà ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé tiransifọ́mà ńlá ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára fún wọn ju ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó tún yẹ kí a mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ìgbèrí: bí pátákó mítà bá wà níbẹ̀, kí a yí bẹ́ẹ̀dì sí ògiri mìíràn. Ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Èéfín rẹ̀ lè pa odidi ìdílé lóru kan, kò sì sí ọ̀rọ̀ pápá kankan tó yẹ kó mú un sún mọ́ fèrèsé.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná ni ẹ̀rọ tó fara kan ẹni tó sùn jù. Wọ́n lè fi mú bẹ́ẹ̀dì gbóná, kí wọ́n sì yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Pípa súwíìṣì nìkan ń mú pápá òòfà kúrò, ṣùgbọ́n pápá iná lè kù síbẹ̀.

Wáyà inú ògiri

Apá yìí ni àwọn onílé kì í sábà rí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àtúnṣe tó nítumọ̀ jù máa ń wà. Nígbà tí láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti niútúrà (èyí tó ń dá a padà) bá ń rìn pọ̀ nínú páìpù kan náà, iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ dọ́gba, pápá òòfà wọn sì ń pa ara wọn rẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ya ara wọn. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ ni gílóòbù àtẹ̀gùn tó ní súwíìṣì méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè: bí oníṣẹ́ iná bá mú láìfù láti orí ìlà ìsàlẹ̀, tó sì dá niútúrà padà sórí ìlà òkè, iná náà á máa gba ọ̀nà gígùn yí ilé po, yàrá tó bá sì wà láàárín á wà nínú pápá òòfà nígbàkígbà tí gílóòbù yẹn bá ń tàn.

Kíláńpù mítà, tó ń wọn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, ni wọ́n fi ń wá àléébù yìí rí. Oníṣẹ́ iná á fi ẹnu mítà náà gbá láìfù àti niútúrà mú pọ̀. Bí iṣẹ́ bá pé, òdo ni mítà gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka ohun mìíràn, iná kan ń gba ibòmíràn padà. Àléébù kan náà yìí lè gbé iná mú ẹni tó rò pé òun ti pa ìlà tí òun ń tún ṣe, nítorí náà àǹfààní wà nínú títún un ṣe bí ìbéèrè nípa ìlera kò bá tilẹ̀ rí ìdáhùn láé.

Ní ti pápá iná, ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni súwíìṣì tí wọ́n so mọ́ niútúrà dípò láìfù. Lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, iná ṣì wà nínú wáyà títí dé gílóòbù lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Fìtílà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ki púlọ́ọ̀gì náà bọ ihò iná lódìkejì. Ní Jámánì, àwọn kan máa ń ní ẹ̀rọ kékeré nínú àpótí fíúsì tó ń gé iná yàrá fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó kẹ́yìn bá ti kú.

Fóònù àti Wi-Fi

Fóònù máa ń fi agbára kún ìgbì rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dára, nítorí náà èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí nínú yàrá tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi ló yẹ ká gbé jìnnà jù. Títan ipò ọkọ̀ òfuurufú (airplane mode) ń dá ìgbì náà dúró.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ní 1979, àwọn olùwádìí Nancy Wertheimer àti Ed Leeper kọ nípa ìlú Denver ní Amẹ́ríkà pé jẹjẹrẹ wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn ọmọ tí ilé wọn sún mọ́ wáyà iná ńlá. Ní 2000, Anders Ahlbom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n sì rí i pé ewu jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po méjì níbi tí ìpíndọ́gba pápá òòfà bá ti tó 0.4 µT, ṣùgbọ́n ìdá 99.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ni tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2002, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, fi pápá òòfà yìí sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ó fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí kan náà ní 2011. Kò tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà tí irú pápá tó kéré báyìí lè gbà dá àrùn náà sílẹ̀ nínú ara. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dámọ̀ràn, ní 2007, ìgbésẹ̀ tí kò náni lówó púpọ̀.

Ìwọ̀n tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń dámọ̀ràn ààbò lórí irú pápá báyìí, gbà láyè fún aráàlú láti 2010 jẹ́ 200 µT ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Siwitsalandi fi 1 µT sí òfin fún wáyà iná ńlá tuntun láti 2000.

Àwọn kan máa ń sọ pé pápá yìí ń fa orí fífọ́ àti àìsùn fún àwọn. Nínú àyẹ̀wò àdánwò 31 tí wọ́n gbé jáde ní 2005, wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lè mọ ìgbà tí pápá wà yàtọ̀ sí ìgbà tí kò sí. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń fà á ni kò tíì hàn.

Ohun tí wọ́n ń tà

Aṣọ ìbòrí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi òwú fàdákà hun lè dín ìgbì rédíò kù, ṣùgbọ́n pápá òòfà wáyà iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kò ní ẹ̀rí iṣẹ́. Ní Oṣù Kejìlá 2021, ANVS, àjọ tó ń bójú tó ìtànṣán ní Netherlands, kìlọ̀ nípa ọjà mẹ́wàá tí wọ́n ń tà fún ààbò lọ́wọ́ 5G, tí ìbòjú ìsùn kan wà lára wọn. Wọ́n rí i pé ìtànṣán tó lè ba ara jẹ́ ń ti inú àwọn ọjà náà fúnra wọn jáde, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ní wọn má ṣe wọ̀ wọ́n mọ́.