Playoffs NBA: ẹni tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀kan ò tíì lọlé o

Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé irun fún mi ní Ìgbógbó, l'Ìkòròdú níbí, bọ̀dá kan wo èsì playoffs NBA lórí fóònù ẹ̀, ìyẹn ìdíje tí wọ́n fi ń kásẹ̀ sáà líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball) Amẹ́ríkà nílẹ̀, ó pòṣé, ó ní "Wọ́n ti nà wọ́n, ó ti parí." Mo ní bọ̀dá, ẹ fara balẹ̀, gémù kìíní nìyẹn o. Ó wò mí, ó ní ṣé kì í ṣe playoffs ni, ṣebí ẹni tó bá jábọ́ ti jábọ́. Mo wá rí i pé ojú kọ́ọ̀pù bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo nǹkan yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú ọpọ́n ayò ló yẹ ká fi wò ó.

Ẹ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò. Tí òpè bá ṣèèṣì jẹ ẹyọ kan, ṣé ọ̀ta máa dìde lọlé ni? Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, "tún un tò" ló máa sọ, wọ́n á ta á títí. Bí playoffs NBA náà ṣe rí nìyẹn: tíìmù méjì á kojú ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń lọ síwájú. Ó lè parí sí gémù mẹ́rin gbáko, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sweep, pé wọ́n ti fi ọwọ̀ gbá ẹ dànù, ó sì lè di 3-3 kí wọ́n wá gbá ìkeje. Ọ̀mì ò sí níbẹ̀ rárá, tó bá dọ́gba wọ́n á fi ìṣẹ́jú 5 kún un, tó bá tún dọ́gba wọ́n á tún fi 5 mìíràn sí i.

Mo wá fi ti 2016 ṣàpẹẹrẹ fún un. Tíìmù Golden State jẹ 73 nínú gémù 82 kí playoffs tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá pàdé Cleveland ti LeBron James ní fáínà, Golden State nà wọ́n ní gémù kìíní, wọ́n tún nà wọ́n ní ìkejì, ó di 3-1, àwọn èèyàn ti ń kí wọn kú oríire, àfi bí Cleveland ṣe jẹ mẹ́ta léra tí wọ́n gbé ife lọ. Tó bá jẹ́ bí bọ̀dá ṣe rò ó ni, Cleveland ì bá ti wọkọ̀ lọlé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ tó bá ti di 3-0, ẹ lọ sùn, kò tíì sí tíìmù NBA tó bọ́ nínú ìyẹn rí.

Tíìmù 30 ló wà, 15 ní East, 15 ní West. Ẹni kìíní dé ìkẹfà ní apá kọ̀ọ̀kan wọlé tààrà, ìkeje dé ìkẹwàá á kọ́kọ́ gbá play-in láti wá ipò méjì tó kù, ibẹ̀ ló fẹ́ jọ kọ́ọ̀pù tí bọ̀dá mọ̀. Tíìmù 16 ló máa ṣẹ́ kù, ráúńdì mẹ́rin, ìyẹn ni pé ẹni tó máa gbé ife gbọ́dọ̀ na èèyàn lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún.

Ó wá bi mí pé kí wá ni èrè ẹni tó ṣe dáadáa nínú gémù 82 yẹn. Ilé ni! Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ló ń gba àlejò ní gémù 1, 2, 5 àti 7. Síbẹ̀ ní 1995, Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí l'Èkó wa níbí, àti tíìmù Houston ẹ̀, ipò kẹfà ni wọ́n wà ní West, kò sí ráúńdì kankan tí àǹfààní ilé jẹ́ tiwọn, Phoenix ti nà wọ́n 3-1, wọ́n padà jẹ ìkeje nílé Phoenix pẹ̀lú àmì ẹyọ kan, wọ́n sì gbé ife.

Bọ̀dá dákẹ́ díẹ̀. Ó béèrè aago tí wọ́n ń gbá fáínà, mo ní ó sábà máa ń kọjá aago kan òru lọ́dọ̀ wa. Ó ní tó bá ti di 3-3 kí n pe òun, ìgbà yẹn lòun máa ra epo sí jẹ́n.