Ewu Tí Kì í Pariwo: Bí Àwọn Tó Sùn sí Igbó Ṣe Ń Kó sí Wàhálà Lóru

Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá pàgọ́ sí ẹ̀bá àpáta ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, ì báà jẹ́ ní Ìsánlú, ní Ògìdì tàbí nínú igbó Bùnú, sábà máa ń gbọ́ nǹkan kan nígbà tí iná bá ń kú lọ. Ìró kan á kọ́kọ́ máa ha lórí igi, yóò di gbígbó, á sì dákẹ́. Láìpẹ́, òmíràn á dá a lóhùn láti ọ̀nà ibòmíràn. Ibẹ̀ lẹnìkan á ti ní nǹkan ń tọ àwọn lẹ́yìn, oorun á sì dá lójú gbogbo wọn. Òfàfà ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní òwàwà, ẹranko kékeré tó ń jẹ ewé. Èyí tó ń gbé láàárín odò Ọya àti odò Volta, níbi tí ilẹ̀ Okun wà, gbígbó ló ń gbó. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò méjèèjì ló ń ké tó ń han gooro. Ohùn yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi yà á sọ́tọ̀ bí ẹ̀yà tuntun ní ọdún 2021. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan.

Ohun tó ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá lágọ̀ọ́ kì í sábà dún rárá.

Ojú ni àwọn ọdẹ fi ń mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń jẹ̀ lóru, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá gan-an. Ìdí tí ọdẹ fi ń de iná mọ́ iwájú orí nìyẹn. Bí tọ́ọ̀ṣì bá wà nísàlẹ̀ ní ìbàdí, ìbàdí náà ni ìmọ́lẹ̀ á padà sí, ojú ẹni tó mú un kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àgọ́ ní láti gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, kó yí i ká díẹ̀díẹ̀, kó sì wo bí ojú tó ń tàn náà ṣe ga sí láti ilẹ̀, bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra, àti bó ṣe ń rìn. Ohun tín-ín-rín tó ń tàn nínú koríko tí kò sì kúrò lójú kan, aláǹtakùn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú méjì tó ga dé orúnkún, tó tẹjú mọ́ iná fún ìgbà díẹ̀ kó tó yí padà, ó lè jẹ́ ẹtu. Ojú ènìyàn ò ní awọ yẹn, ti ejò náà ò ní in. Nítorí náà, bí tọ́ọ̀ṣì bá yí ká tí kò rí ojú kankan, ìyẹn ò ní kí igbó ṣófo.

Iná yìí tún ní apá kan tí àwọn tó ti ìlú ńlá wá kì í rò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọdẹ tó ń fi iná orí ṣọdẹ lóru ń wá ohun tó bá tàn ni. Síìpù àgọ́ ń tàn, awò ojú ń tàn, ìlà tó ń dán lára bàtà eré ń tàn. Ẹni tó dìde láti lọ tọ̀, tó lọ lóṣòó sẹ́yìn ewé láìtan iná, ti fi ara rẹ̀ sípò ẹran. Láńtà kan gbọ́dọ̀ wà lókè, kó ga ju orí ènìyàn lọ, kó máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá jáde, kó tan tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kó sì máa sọ̀rọ̀ sókè. Àwọn kan á ní ìmọ́lẹ̀ ń pe ajínigbé. Òótọ́ ni pé ajínigbé ti ba àwọn apá kan jẹ́ nínú igbó Yàgbà àti Bùnú. Ṣùgbọ́n igbó tí ènìyàn ò lè tan láńtà nínú rẹ̀ nítorí ajínigbé, kì í ṣe igbó tó yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn sí.

Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí wọ́n sì bá olórí ọdẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: ṣé àwọn ará ibí ṣì ń sùn síbẹ̀? Ta ló dẹ pàkúté sí ìhà wo? Ọdẹ wo ni yóò jáde lóru òní? Kí wọ́n fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ pàkúté ṣe kókó, nítorí pàkúté onírin tó ń mú ẹsẹ̀ ẹran á mú ẹsẹ̀ ènìyàn pẹ̀lú, ewé ni wọ́n sì fi ń bò ó. Ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ tàbí ewé tí wọ́n so kókó lẹ́bàá ọ̀nà lè jẹ́ àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dẹ ẹ́ ló mọ àmì tirẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró tí koríko ti tẹ̀ láàárín igbó, ẹran ló ni ín. Ibẹ̀ ni pàkúté ń wà, kí wọ́n má pàgọ́ sí i.

Ní ti ibi tí àgọ́ máa wà: láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, iná igbó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́, ìhà ibẹ̀ sì ni iná ti sábà máa ń sáré wá. Iná ń yára gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹni tó pàgọ́ sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí koríko gbígbẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ló wà níbi tó burú jù. Orí àpáta gbalasa tàbí ilẹ̀ tó ti jóná tẹ́lẹ̀ ló dára. Bí kò bá sí, kí wọ́n ro ilẹ̀ yí àgọ́ ká ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní àsìkò òjò, kí wọ́n jìnnà sí ipa odò, ó tó bẹ́ẹ̀: òjò tó rọ̀ lókè odò lè mú omi kún bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀kán kan lágọ̀ọ́.

Ejò kì í dọdẹ ènìyàn. Eku ló ń dọdẹ, ènìyàn ló sì ń pe eku. Gààrí tó dà sílẹ̀, èèpo ẹ̀pà, iṣu sísun tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá ààrò: òórùn wọn á mú eku jáde, ejò á sì tẹ̀ lé ipa eku. Ìdí nìyí tí ibi ìdáná fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi oorun ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, kí oúnjẹ sì wà nínú ike tó ní ìdérí. Paramọ́lẹ̀ kì í sá bí ènìyàn bá ń bọ̀. Dídúró sójú kan ni ọgbọ́n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ewé gbígbẹ mu, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń bù ṣán. Sèbé ní tirẹ̀ máa ń wá eku dé ibi tí ènìyàn sùn sí, a sì máa bu àwọn tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣán lójú oorun. Ejò kékeré kan tún wà, Echis, tí kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òun máa ń kìlọ̀: á ká ara, á fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, á máa dún ṣààà bí ìgbà tí wọ́n bá da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná. Òun ló ń pa ènìyàn jù láàárín ejò ní àríwá Nàìjíríà. Àgọ́ tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí síìpù rẹ̀ sì pa dé, ti yanjú èyí tó pọ̀ jù. Bàtà rọ́bà gígùn àti tọ́ọ̀ṣì ló kù. Kí wọ́n gbọn bàtà láàárọ̀, nítorí àkéekèé.

Bí ejò bá ṣán ènìyàn, kí wọ́n bọ́ òrùka, aago àti bàtà rẹ̀ kó tó wú. Kí wọ́n fi igi tọ́ ẹsẹ̀ náà kó má bàa máa mira, kí wọ́n sì gbé e. Kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ọ̀kadà ló wà, kó jókòó sáàárín ẹni méjì. Kí wọ́n má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fẹnu fa oró, kí wọ́n má fi okùn dì í pa. Kí wọ́n má fún un ní oògùn tí ásípírìn wà nínú rẹ̀, torí oró Echis kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ásípírìn á sì tún dá kún un. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìmì ín. Bí kò bá dì, oró ti wọlé, oògùn apaoró ló kàn. Oògùn náà kì í ṣe ẹyọ kan: EchiTAbG wà fún Echis nìkan, nígbà tí EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, wà fún Echis, paramọ́lẹ̀ àti sèbé. Kí wọ́n tó kúrò nílé ló yẹ kí wọ́n pe ilé-ìwòsàn tó wà nítòsí, kí wọ́n béèrè èyí tó wà nílẹ̀. Bí sèbé bá tutọ́ sójú ẹnìkan, omi púpọ̀ ni kí wọ́n máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kó tó lọ rí dókítà.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ewu yìí, èyí tó lè pa gbogbo ọ̀rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé wọlé. Àpò èédú pọ̀ lẹ́bàá títì ní agbègbè Kàbbà. Òtútù ọyẹ́ máa ń mú lórí àpáta lójú mọ́mọ́, ẹnìkan á sì ko ẹ̀yinná sínú agbada, á gbé e wọ àgọ́, á fa síìpù pa. Kò rú èéfín, wọ́n á ní kò léwu. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Èédú tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ láìrú èéfín ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò láwọ̀, tí kì í rùn, tí kì í ta ènìyàn nímú. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó lé ní igba. Èyí tó bá ti gba ipò ò fẹ́ dìde mọ́, ara á sì máa gbẹ̀mí díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó ti sùn kì í sábà jí láti mọ̀ pé orí ń fọ́ òun.

Bí ẹnìkan bá jí, yóò ní orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun, ẹsẹ̀ ò sì gbé òun mọ́. Ibí ni wọ́n ti ń ní iwin ló wọ àgọ́, tàbí pé oúnjẹ ló ní májèlé. Ohun tó ń fi í hàn ni pé gbogbo wọn ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fúyẹ́ fún ẹni tó bá jáde síta. Kí wọ́n ya síìpù, kí wọ́n fa gbogbo ènìyàn jáde kí wọ́n tó máa wá agbada iná, kí wọ́n sì gbé wọn lọ sílé-ìwòsàn tó ní ọ́síjìn, kódà bí ojú wọn bá ti wálẹ̀. Ṣíṣí síìpù díẹ̀ kò tó láti fi dáàbò bo ara. Iná kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé, èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ fẹ́ sí àgọ́. Bí òtútù bá ń mú wọn, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá jù, torí àpáta ń fa ooru ara. Ẹní méjì tàbí fóòmù lábẹ́ ara, aṣọ gbígbẹ, àti omi gbígbóná nínú ìgò líle tí wọ́n fi aṣọ wé, ti tó.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń tẹ̀ lé èémí tí ènìyàn ń mí jáde, ó sì ń jẹni jù láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí. Nẹ́ẹ̀tì ló ń dá a dúró, èéfín ewé kò tó. Ibà náà kì í hàn lọ́jọ́ kejì. Ó kéré tán, ọjọ́ méje gbọ́dọ̀ kọjá, ó sì sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ní ibà ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tó padà sílé, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun sùn sí igbó.