Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń sanwó ẹ̀kọ́ kámẹ́rà

Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aráàlú ní Manhattan tàbí Brooklyn nílùú New York ní Amẹ́ríkà, kó kọ́ṣẹ́ fídíò lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́, kó sì yá kámẹ́rà lọ ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀gá tó máa fọṣọ fún, kò sí owó fírídọ̀ọ̀mù. Ta ló wá ń sanwó? Ojú títì ni.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta tẹlifíṣọ̀n orí wáyà ní láti gba abẹ́ títì tàbí orí òpó kí wáyà rẹ̀ tó délé oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ìlú ló ni títì. Bí àgbẹ̀ ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ ni òun náà ń san án fún ìlú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1984 ní kò gbọdọ̀ ju 5% owó tó ń wọlé fún un lórí tẹlifíṣọ̀n wáyà lọ lọ́dún. Òfin náà gba ìlú láàyè láti béèrè ìkànnì fún aráàlú, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ranyàn o. Ìlú tí kò bá béèrè, ọwọ́ òfìfo ló máa bá lọ.

Manhattan kò dúró de òfin yẹn. Oṣù keje ọdún 1971 ni ìkànnì aráàlú ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, George Stoney àti Red Burns dá Alternate Media Center sílẹ̀ ní Yunifásítì New York láti máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ìkànnì tí kò sẹ́ni tó mọ kámẹ́rà dì mú, yàrá òfìfo ni.

Nínú kíláàsì, bébà funfun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú kámẹ́rà. Wọ́n á tún kámẹ́rà ṣe lábẹ́ gílóòbù tó wà níbẹ̀ títí bébà á fi funfun nínú àwòrán. Ẹni tó bá fo ìyẹn, ojú gbogbo ẹni tó bá yà á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ohùn ló tún le jù: fíríìjì tí etí wa kì í kà sí, máíkì ò ní ṣàìgbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi hẹ́dífóònù sétí. Ẹni tó bá yege ló ń yá irinṣẹ́, ètò tó bá sì ṣe, ìkànnì á gbé e jáde.

Ètò yẹn gan-an ni ẹ̀rí níwájú agbanisíṣẹ́, ju ìwé-ẹ̀rí lọ. Àwọn mìíràn ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, ìgbéyàwó tàbí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n oníbàárà tẹlifíṣọ̀n wáyà ń dín kù, 5% náà sì ń joro. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú owó tí òfin ń ṣírò. Fíìmù Netflix ń gba inú wáyà kan náà, lábẹ́ títì kan náà, wọlé. Kò sí ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀.